Ẹ̀tọ́ Ẹni Tí A Há Mọ́ Nígbà Ogun: Láti Ẹnubodè Èjìgbò dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ

Ìfáàrà

Bí a bá dé Èjìgbò nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, a ó rí ìjà kan tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu. Àwọn ará Òkè Màpó àti àwọn ará Ìsàlẹ̀ ìlú yóò kó àtòrì lọ́wọ́, wọn yóò sì máa na ara wọn títí àtòrì yóò fi ṣẹ́ tán. Àwọn kan rò pé eré lásán ni. Àwọn mìíràn rò pé àmì akíkanjú òrìṣà tí ó jẹ́ jagunjagun ni. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó ti ìjà náà lẹ́yìn, tí Pierre Verger sì kọ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn òrìṣà, kì í ṣe ìtàn akíkanjú rárá. Ìtàn ẹni tí a há mọ́ láìṣẹ̀ ni.

Ìtàn náà lọ báyìí. Nígbà tí Ògìyán fẹ́ tẹ ìlú dó, babaláwo kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sọ ẹbọ tí yóò rú fún un kí ìlú lè gbòòrò. Ẹbọ fín, ẹbọ dà. Ìletò kékeré di ìlú olódi. Ní gbogbo àkókò yìí babaláwo ti gba ọ̀nà àjò lọ. Nígbà tí ó padà dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ó béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbodè, ó sì fi orúkọ ìnagijẹ pè é, ìyẹn orúkọ tí ó ń tọ́ka sí iyán tí ọba fẹ́ràn láti máa jẹ. Inú bí àwọn oníbodè. Ta ni àlejò tí ń dárúkọ Kábíyèsí báyẹn? Wọ́n lù ú, wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọdún méje gbáko ni òjò kò fi rọ̀ ní Èjìgbò. Àwọn obìnrin kò bímọ, ẹṣin ọba kò rí koríko jẹ. Nígbà tí ọba pe awo mìíràn kí ó wá wádìí ọ̀ràn, ó gbọ́ pé ẹnìkan wà ní àhámọ́ òun láìṣẹ̀. A tú babaláwo sílẹ̀, ṣùgbọ́n tìbínú-tìbínú ni ó fi wọ inú igbó lọ, ọba fúnra rẹ̀ ni ó sì lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gbà kí òjò máa rọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ní ọdọọdún kí wọ́n máa gé ọ̀ọ́dúnrún ìdì àtòrì, kí àwọn ará ìlú pín sí ọ̀nà méjì, kí wọ́n sì fi na ara wọn.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan nínú ìtàn yìí. Kò sí ibi tí a ti sọ pé ọba pàṣẹ kí a mú ọkùnrin náà. Ọba kò tilẹ̀ mọ̀. Àwọn oníbodè pàápàá kì í ṣe ìkà ènìyàn; iṣẹ́ tí a rán wọn ni wọ́n ń jẹ́, nítorí ìlú tí ó bá mọ odi ń retí ogun, ẹni tí ń ṣọ́ ẹnubodè kò sì gbọdọ̀ gba gbẹ̀rẹ́. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹnìkan tí ó ní àṣẹ láti wọlé, kí ó sì béèrè pé: kí ni ẹni yìí ṣe? Fún ọdún méje, kò sí ẹni tí ó béèrè. Ìyà rẹ̀ kò sì mọ sórí àwọn oníbodè nìkan.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àríyànjiyàn tí ó ti wà lórí ẹ̀tọ́ ẹni àhámọ́ nígbà ogun, ní ilẹ̀ wa àti ní òkè òkun, kì í ṣe lórí bóyá ó yẹ kí a ti ọ̀tá mọ́lé. Gbogbo ayé gbà pé ó yẹ. Lórí ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè yẹn ni, àti níwájú ta ni yóò ti dáhùn rẹ̀.

Òǹdè, ẹlẹ́wọ̀n àti ẹni àhámọ́

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a ya àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀, nítorí pé lílo ọ̀kan dípò èkejì ni ó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú. Ẹlẹ́wọ̀n ni ẹni tí adájọ́ ti dá lẹ́bi. Òǹdè ogun ni ọmọ ogun ọ̀tá tí a mú lójú ìjà. Jíjà tí ó jà fún ìlú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, a kàn mú un dání títí ogun yóò fi parí kí ó má baà tún gbé ohun ìjà ni. Ẹni àhámọ́, ní ọ̀nà tí a ó gbà lo ọ̀rọ̀ náà níbí, kì í ṣe ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì. A kò mú un lójú ogun, a kò sì tí ì dá a lẹ́jọ́. A fura sí i ni. Òun ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣòro jù, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí ìfura máa ń parí.

Orúkọ tí a bá fún ẹni tí a mú lè pinnu ìyè àti ikú rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Èjìgbò, wọ́n sì mú àwọn ìjòyè ogun mélòó kan. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ pé a dá Jímbà, olórí ẹrú ọba Ìlọrin, àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba náà padà sílé ní ìkọ̀kọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ajíkòbí, Balógun àwọn Yorùbá ní Ìlọrin, kò rí irú àánú bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ọmọ Yorùbá ni, ọ̀dàlẹ̀ ni a kà á sí, a sì fi í ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́ kí ọba pa á. Ogun kan náà ni wọ́n jọ jà, ìhà kan náà ni wọ́n sì wà. Ẹni tí ó mú wọn ni ó pín wọn sí ọ̀nà méjì, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó lè bi í léèrè ìdí.

Ẹjọ́ Eléko àti ohun tí ó bí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé láti ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun ni gbogbo òfin tí ó dáàbò bo ẹni àhámọ́ ti wá bá wa. Òótọ́ ni pé àwọn ni wọ́n ni ìwé àṣẹ tí àwọn amòfin ń pè ní habeas corpus, èyí tí adájọ́ fi ń sọ fún ẹni tí ó ti ènìyàn mọ́lé pé kí ó gbé onítọ̀hún wá síwájú òun kí ó sì sọ ìdí. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọmọ Yorùbá wà lára ohun tí ó sọ òfin náà di líle.

Ní 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ Èṣùgbàyí, Eléko ti Èkó, lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́, ní ẹkùn ìjọba kan náà tí Èjìgbò wà nígbà náà. Òfin tí wọ́n lò sọ pé Gómìnà lè lé olóyè tí a bá rọ̀ lóyè kúrò ní àdúgbò rẹ̀ bí àṣà ìbílẹ̀ bá béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò Eléko béèrè pé: ǹjẹ́ a rọ̀ ọ́ lóyè ní tòótọ́? Ǹjẹ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀ wà? Ìjọba dáhùn pé Gómìnà ti sọ̀rọ̀ ná, ilé-ẹjọ́ kò sì ní àṣẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀ràn náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1928 wọ́n pinnu pé bí adájọ́ kan bá kọ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí a há mọ́, ó lè gbé ẹ̀bẹ̀ kan náà tọ adájọ́ mìíràn lọ. Ní 1931, Lọ́ọ̀dù Atkin sọ ìpinnu wọn pé òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú ilé-ẹjọ́ pé òfin fún òun láyè. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí Nàìjíríà kí a wádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a tó parí rẹ̀ Gómìnà tuntun, Donald Cameron, ti jẹ́ kí Eléko padà sílé ní ọdún náà.

Kò sí ogun ní 1931. Nígbà tí ogun dé, ohùn yí padà. Ní 1940, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Robert Liversidge mọ́lé lábẹ́ òfin tí ó sọ pé mínísítà lè ti ẹni tí ó bá ní ìdí tí ó múná dóko láti fura sí mọ́lé. Liversidge ní kí wọ́n sọ ìdí náà. Ní 1941, mẹ́rin nínú àwọn adájọ́ márùn-ún ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù ní Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí mínísítà bá ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ní ìdí, ó tó. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó yapa: Lọ́ọ̀dù Atkin kan náà tí ó dá ẹjọ́ Eléko. Ó di 1979 kí Lọ́ọ̀dù Diplock tó sọ ọ́ ní ilé-ẹjọ́ kan náà pé àwọn mẹ́rin yẹn ni wọ́n ṣìnà. Nígbà ogun yẹn kan náà, ní 1943, ìjọba fi òfin ogun lé Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, lọ sí Auchi, kò sì padà sí Èkó títí di 1945. Kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó dá a lẹ́bi.

Ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ìgbà pàjáwìrì ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, tí Dókítà Májẹ̀kódùnmí sì di alákòóso, wọ́n ká Rótìmí Williams, agbẹjọ́rò àgbà, lọ́wọ́ kò kí ó má lè rìn bí ó ti fẹ́. Ó pe ìjọba lẹ́jọ́, ó sì borí. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìgbà pàjáwìrì kò fún ìjọba ní àṣẹ láti ṣe ohun tí ó bá wù ú. Ohun tí ó bá ṣe gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n ewu tí ó wà nílẹ̀ mu.

A lè fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Wọlé Ṣóyínká wé e. Ní 1965, nígbà rògbòdìyàn ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn, a fi ẹ̀sùn kàn án lórí ọ̀ràn ilé-iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn. Wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀, adájọ́ sì dá a sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, lẹ́yìn tí ó ti lọ sí Ìlà-Oòrùn láti bá Òjúkwú sọ̀rọ̀, wọ́n tún mú un. Lọ́tẹ̀ yìí a kò fi ẹ̀sùn kankan kàn án níwájú adájọ́ kankan. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 1969 ni ó fi wà ní àhámọ́, ní Kàdúná ní èyí tí ó pọ̀ jù nínú àkókò náà, lóun nìkan. Ọkùnrin kan náà ni, ọdún méjì péré ni ó sì wà láàárín ẹ̀sùn àkọ́kọ́ àti àhámọ́ kejì.

Ohun tí ó wọ àárín wọn ni Òfin Ológun Kẹrìnlélógún ti ọdún 1967. Òfin náà fún ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá àti olórí òṣìṣẹ́ ológun ní agbára láti fi ẹnikẹ́ni sí àhámọ́ nítorí ààbò ìlú, ó sì mú apá ìwé òfin ìpìlẹ̀ tí ó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn dúró ní ti ohun tí a bá fi agbára yẹn ṣe. Ìfọwọ́sí ẹnìkan ti tó.

Síbẹ̀, ìjọba kan náà ni ó fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní ìwé ìlànà ní 1967, níbi tí Gowon ti pa á láṣẹ pé wọn kò gbọdọ̀ pa ọmọ ogun Biafra tí ó bá juwọ́ sílẹ̀, àti pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹdè ogun. Nàìjíríà ti wọ inú Àdéhùn Geneva ní 1961. A kò ní díbọ́n pé a pa ìlànà náà mọ́ níbi gbogbo. Ohun tí ojú àwọn ará Asaba rí ní oṣù kẹwàá ọdún 1967 kò jẹ́ kí a lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlànà wà. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn náà fi dàbí ẹni pé a gbé e sódì: ọmọ ogun Biafra tí a mú pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ ní ìwé tí ó dáàbò bò ó, ẹni tí a mú ní Ìbàdàn pẹ̀lú gègé lọ́wọ́ kò ní.

Ààbò òǹdè ogun náà ní ààlà tirẹ̀. Nínú ẹjọ́ Nwaoga, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ní 1972, ọmọ ogun Biafra kan wọ aṣọ ará ilé lọ pa ẹni tí kò gbé ohun ìjà. Ilé-ẹjọ́ sọ pé ẹni tí ó bá bọ́ aṣọ ogun láti fi tan ènìyàn jẹ kò lè sá sábẹ́ òfin ogun, a sì dá a lẹ́bi ìpànìyàn. Ní èrò tiwa, ẹjọ́ yìí wúlò nítorí pé ó fi hàn pé ilé-ẹjọ́ lè gbọ́ ọ̀ràn ogun láìṣe ojúsàájú fún ọ̀tá. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Àwọn adájọ́ gbìyànjú láti gba àyè wọn padà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1970, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ogun parí, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ lábẹ́ Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá dá ẹjọ́ Lákànmí. Ọ̀rọ̀ ohun ìní tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ni, kì í ṣe ti àhámọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni: ǹjẹ́ ìjọba ológun lè fi òfin dá ẹni tí ó dárúkọ lẹ́bi? Ilé-ẹjọ́ ní kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìjọba gbé Òfin Kejìdínlọ́gbọ̀n jáde, tí ó sọ ìdájọ́ náà di òfo, tí ó sì kìlọ̀ pé ilé-ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ òfin ológun wò. Ogun ti parí, agbára ogun kò parí. Ní 1984, Òfin Kejì tún gbé agbára kan náà lé ìfọwọ́sí ẹnìkan lọ́wọ́, láìsí ogun rárá.

Ohun tí àwọn méjèèjì ń wí

Kò ní tọ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fara mọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣeré, nítorí ọlọ́gbọ́n ènìyàn pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní ogun kì í dúró de ìwé ẹ̀rí. Ẹni tí ó ṣòfófó ọ̀tá fún ìjọba kò lè jáde wá jẹ́rìí ní gbangba kí ó sì wà láàyè. Adájọ́ kò mọ ibi tí ọ̀tá wà. Bí ó bá tú ẹnìkan sílẹ̀ tí ẹni náà lọ ju bọ́ǹbù, kì í ṣe adájọ́ ni a ó bi. Wọ́n tún ní bí ó bá di dandan kí a gbé gbogbo ẹni tí a mú lọ sílé-ẹjọ́, àwọn ọmọ ogun lè yàn láti má mú ẹnikẹ́ni láàyè mọ́. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí ni ó wúwo jù lójú wa.

Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ náà kò sọ pé kí a tú ọ̀tá sílẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ Liversidge kò ju pé kí a sọ ìdí fún un lọ. Adájọ́ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ní yàrá. Ó lè sọ pé ìdí tó, kí ó sì dá ẹni náà padà sí àhámọ́. Àwọn baba wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọn kò yọ ìgbà ogun sílẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Èjìgbò gan-an. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Èjìgbò ti ń gbé ní Côte d'Ivoire. Ẹni tí ó bá rìn ní ìlú náà yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu àwọn tí kò kọ́ ọ nílé-ìwé. Nígbà tí ogun bẹ́ níbẹ̀ ní 2002, àti nígbà tí ó tún le ní 2010 sí 2011, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sá wálé. Bí a bá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ogun tí kì í ṣe tirẹ̀, ní ilẹ̀ tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, ilé-ẹjọ́ ta ni yóò lọ? Ìbéèrè yìí kan náà ni ó wà nídìí àríyànjiyàn tí ó gba ayé kan lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà ṣí àhámọ́ Guantánamo ní Kúbà ní 2002. Ìjọba Amẹ́ríkà ní àjèjì ni àwọn tí ó wà níbẹ̀, ilẹ̀ náà kì í sì í ṣe ti Amẹ́ríkà, nítorí náà habeas corpus kò kàn wọ́n. Ní 2008, nínú ẹjọ́ Boumediene, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ sọ pé ó kàn wọ́n: ibi tí ìjọba bá ti di ènìyàn mú, ibẹ̀ ni ó ti gbọ́dọ̀ dáhùn. Àlejò ni babaláwo ẹnubodè Èjìgbò náà.

Ní ìgbà tiwa

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ti 1999 dá ẹ̀tọ́ náà padà fún wa. Orí 35 sọ pé kí a gbé ẹni tí a mú lọ sílé-ẹjọ́ láàárín àkókò tí kò pẹ́. Bí ilé-ẹjọ́ bá wà nítòsí, ọjọ́ kan. Orí 45 sì jẹ́ kí a lè dín in kù nígbà pàjáwìrì, kìkì bí ewu bá ti tó. Lẹ́yìn tí ọ̀tẹ̀ Boko Haram bẹ̀rẹ̀ ní 2009, a ṣe òfin nípa ìpániláyà ní 2011, a sì tún un ṣe ní 2013. Àtúnṣe yìí gba adájọ́ láyè láti jẹ́ kí a fi afurasí sí àhámọ́ fún 90 ọjọ́, èyí tí a sì lè tún sọ dọ̀tun títí ìwádìí àti ẹjọ́ yóò fi parí. Òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ ní 2022. Ó sàn ju ti 1967 lọ, nítorí pé adájọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ tí ó ń sọ ọjọ́ dọ̀tun láìrí ojú ẹni tí a há mọ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí oníbodè.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní bárékè Giwa ní Maiduguri ni ó fi èyí hàn jù. Ní 2015, àjọ Amnesty International sọ pé ó lé ní 7,000 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tí ó ti kú sí àhámọ́ àwọn ológun ní ìhà Àríwá-Ìlà-Oòrùn láti 2011. Àwọn ológun ní irọ́ ni. Kò rọrùn láti yanjú àríyànjiyàn náà lórí iye, nítorí pé níbi tí a kò bá ti gbé ènìyàn lọ síwájú adájọ́, kò sí ìwé ilé-ẹjọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017 ni ìgbẹ́jọ́ àwọn tí a mú lọ́pọ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú àgọ́ ológun ní Kainji. A kò jẹ́ kí àwọn oníròyìn wọlé. Nínú ìjókòó àkọ́kọ́, a dá 45 lẹ́bi, a sì ní kí 468 máa lọ nítorí pé kò sí ẹjọ́ tí wọ́n ní láti jẹ́. Orí 35 kan náà tí a mẹ́nu kàn lókè sọ pé ẹni tí a bá há mọ́ lọ́nà tí kò bófin mu gbọ́dọ̀ gba owó ìtùnú, kí a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba, bí ọba Èjìgbò ti ṣe nínú igbó. Ní ti àwọn 468 náà, ilé-ẹjọ́ ní kí a kọ́kọ́ mú wọn lọ gba ẹ̀kọ́ ìyípadà ọkàn kí wọ́n tó padà sílé.